Ẹni Tó Da Májèlé Sódò Kì í Ṣe Apẹja

Ẹ má pè wọ́n ní apẹja mọ́. Ẹni tó bá gbé ike òògùn apakòkòrò lọ sétí odò lóru, tó dà á sómi, tó padà wá ní ìdájí láti ṣa òkú ẹja sínú àpò, kò pẹja. Odò ló pa. A ní orúkọ fún ẹni tó ń fi òru bojú kó ohun tí gbogbo ìlú jọ ni. Gbogbo wa la mọ orúkọ náà. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Tápà ni wá. Tápà ti Ìbàràpá o, kì í ṣe Tápà ti Bídá (ó máa ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ yín lójú). Ìlú àgbẹ̀ ni wá: gbágùúdá, ẹ̀gúsí, àgbàdo. Kò sẹ́ni tó ń ka Tápà mọ́ ìlú apẹja, a ò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó kà wá mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n odò wà nílẹ̀ Ìbàràpá. Ọ̀fìkì wà, Ọ̀pẹ̀kí wà, inú odò Ògùn sì ni àwọn méjèèjì ń sàn sí. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn odò kéékèèké á gbẹ, omi á ṣẹ́kù ní kòtò-kòtò, gbogbo ẹja tó bá kù á sì há síbẹ̀. Ẹja inú kòtò wọ̀nyí ni irúgbìn. Tí òjò bá dé, àwọn ló máa yé ẹyin, àwọn ló máa tún odò kún. Inú kòtò yìí gan-an ni àwọn èèyàn wa ń da májèlé sí, torí pé ibẹ̀ ló rọrùn jù. Àgbẹ̀ wo ló máa ń sun irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ jẹ tán pátápátá, tá a sì máa ní kò burú, ebi ló ń pa á?

Ebi yẹn ni àwáwí àkọ́kọ́. "Nǹkan le." A mọ̀ pé nǹkan le, ọjà kan náà la jọ ń ná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ẹni tí ebi ń pa ń wá ẹja ọbẹ̀. Ẹni tó mú àpò ìrẹsì mẹ́ta dání lọ sódò, ọbẹ̀ kọ́ ló ń wá, ọjà ló ń wá. Owó ló sì fi ra òògùn tó dà sómi, kò bá a lójú ọ̀nà. Owó òògùn yẹn á ra ìwọ̀ tó máa lò fún ọdún kan.

Àwáwí kejì le díẹ̀ ju ìyẹn lọ, àwọn àgbà ló sì máa ń mú un wá: "Ṣebí àwọn baba yín náà ń gún ewé sódò?" Òótọ́ ni. Ewé kan wà tí wọ́n máa ń gún, tí wọ́n á dà sínú omi tó dúró sójú kan, tí ojú ẹja á sì pòòyì. Ṣùgbọ́n oró inú ewé yẹn, oòrùn àti afẹ́fẹ́ máa ń tú u ká láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi á sì padà di omi. Gammalin 20, tí wọ́n mú wá nítorí kòkòrò tó ń ba kòkó jẹ́, lindane ló wà nínú rẹ̀. Lindane kì í tètè lọ. Ó máa ń dúró sínú ẹrẹ̀, ó máa ń wọ ọ̀rá ara ẹja, iṣan ara ló sì ń bá jà, débi pé ó lè mú kí gìrì mú èèyàn. Ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm fi í kún àwọn kẹ́míkà tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ẹ má fi ewé we ìyẹn. Òkú ẹja ò sì lè sọ ohun tó pa òun fún ìyá tó fẹ́ dín in.

Ohun tó dùn wá jù ni pé Ìbàràpá ló ń ṣe é. Ẹ béèrè ní Ìdèrè ohun tí sòbìà fojú wọn rí. Omi kòtò tí wọ́n ń mu ni àìsàn yẹn ń gbà wọlé, ẹsẹ̀ á wú, àgbẹ̀ ò ní lè dé oko fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti wà ní Ìgbò-Ọrà lórí ètò ìlera Ìbàràpá, àwọn ará ìlú ni wọ́n sì jáde láti kọ́ ara wọn bí a ṣe ń fi aṣọ sẹ́ omi. Nígbà tí wọ́n ń bá sòbìà jà káàkiri Nàìjíríà, kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń dà sínú omi náà, Abate lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń dà á? Wọ́n á kọ́kọ́ wọn gígùn omi, wọ́n á wọn fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wọn jíjìn rẹ̀, wọ́n á ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ike, kí òògùn lè pa kòkòrò kó má sì pa ẹja tàbí èèyàn. Ọdún 2008 la rí sòbìà kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 2013 ni wọ́n fún wa ní ìwé-ẹ̀rí pé ó ti tán. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ja irú ìjà yẹn nítorí omi ni ọmọ kan ti wá ń da òògùn apakòkòrò sódò láìwọn nǹkan kan.

Ó ku àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Tẹ́ ẹ bá mú ìwọ̀ dání, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni yín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó láti àárọ̀, ẹja mélòó lẹ rí?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń lé ọgbọ́n kúrò nílùú. Ẹni tó mọ̀ pé òru ni àrọ̀ ń jẹun, pé irùngbọ̀n ẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ, tó sì mọ ibi tí òun á gbé ekòló sí, ṣé ọ̀lẹ nìyẹn? Ẹpìà ń fẹ́ ohun rírọ̀ létí bèbè lójú oòrùn. Okùn gígùn tá a so ìwọ̀ púpọ̀ mọ́, a gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fi òkúta dè é kí omi má gbé e lọ. Ìgèrè ní bí wọ́n ṣe ń hun ẹnu rẹ̀ kí ẹja lè wọlé kó má lè jáde. Ẹni tó bá sì ti fọwọ́ kan òjìjí rí ò ní kí ẹnikẹ́ni tún kọ́ òun. Èwo nínú ìmọ̀ yìí ló wà nínú ike májèlé?

Torí pé ohun tí òyìnbó bá ṣe ni ọ̀pọ̀ yín ń kà sí, ẹ jẹ́ ká kúrò ní Ìbàràpá díẹ̀ ká lọ sí Skọ́tíláǹdì. Ẹja kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ salmon. Inú òkun ló ń dàgbà, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ yé ẹyin, á padà sínú odò, tó bá sì ti wọ odò, kì í jẹun mọ́. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi ìwọ̀ mú ẹja tí kì í jẹun? Kòkòrò ẹ̀tàn ni wọ́n ń ṣe fún un: irun ẹranko àti ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi òwú dì. Oríṣi kan wà, tube fly, tó jẹ́ pé ara ọ̀pá oníhò tín-ín-rín ni wọ́n ń di irun náà mọ́. Okùn á gba inú ọ̀pá kọjá, ìwọ̀ á wà ní ìdí rẹ̀. Bí ẹja bá gbé e, ọ̀pá á yọ́ gòkè lórí okùn, ìwọ̀ nìkan ni yóò kù lẹ́nu ẹja, kò ní sí ohun tó máa ràn án lọ́wọ́ láti já a. Obìnrin kan ní Aberdeen, Minnie Morawski, ni wọ́n sọ pé ó dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1945. Tómi bá kún, tó sì tutù, ńlá ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi idẹ tàbí bàbà ṣe ọ̀pá rẹ̀ kó lè rì. Tómi bá fà, wọ́n á lo ọ̀pá ike tó fúyẹ́. Jíjù rẹ̀ náà níṣẹ́. Ọ̀pá ìwọ̀ tó ga ju ènìyàn méjì lọ, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń dì í mú, wọ́n sì ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ju okùn láìjẹ́ kó nà tán sẹ́yìn, nítorí igi tó wà ní bèbè odò Spey.

Ẹ má rò pé eré lásán ni lójú wọn. Ní ọdún 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ilé àkójọ ẹyẹ ní Tring nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jí awọ ẹyẹ 299, nítorí ìyẹ́ tí wọ́n fi ń di ìwọ̀ salmon. Olè ni, wọ́n sì mú un. Àwa ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ̀ wọ́n lára tó. Ẹ sì gbọ́ èyí: ìyẹ́ alámì tótòtó tí wọ́n fi ń ṣe ọrùn Jock Scott, ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀ salmon tó lókìkí jù láyé, ìyẹ́ awó ni. Awó! Ẹyẹ igbó wa, tá a máa ń tu ìyẹ́ rẹ̀ dànù lẹ́yìn ilé.

Salmon pàápàá ń dín kù, ní òpin ọdún 2023 wọ́n kà á mọ́ àwọn ẹja tí ewu ń sún mọ́. Láti ọdún 2016, àwọn odò tí salmon inú wọn ò tó mọ́ ní Skọ́tíláǹdì, ẹni tó bá mú un gbọ́dọ̀ dá a padà sómi láàyè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé òyìnbó yó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Argungu ńkọ́? Ní ìpínlẹ̀ Kebbi níhìn-ín, wọ́n ń ti odò Matan Fada pa títí ọjọ́ ọdún á fi pé, tó bá sì pé, àwọ̀n ọwọ́ àti igbá ni wọ́n gbà láàyè, kò sí májèlé. Láti ọdún 1934 ni, Hausa àti Kábàwá ló ń ṣe é, kì í ṣe òyìnbó. Àwa Yorùbá sì rèé, tí òrìṣà odò Ògùn wa ń jẹ́ Yemọja, Yèyé ọmọ ẹja. A ń pe ìyá lórúkọ, a ń pa ọmọ rẹ̀ ní kòtò.

Ẹ̀yin ará Èkó tẹ́ ẹ rò pé ọ̀rọ̀ oko lèyí, odò Ògùn yìí ni wọ́n ń fa omi rẹ̀ ní Àkútè fún ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti Adíyàn. A ò sọ pé ohun tí wọ́n dà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ló dé ife yín, ọ̀nà jìn, omi sì pọ̀. A kàn ń sọ fún yín pé odò kan náà ni.

Òfin ò sọ̀nù. Decree 108 ti ọdún 1992 lórí ẹja inú odò ilẹ̀ wa ti ka májèlé, àdó olóró àti iná mànàmáná léèwọ̀ fún pípa ẹja. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé ó lé, a ò sì tíì rí i kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta òògùn oko. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta òògùn, tí ẹni tí kò lóko bá wá ra ike méjì lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sí ohun tó ń hù, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi wọ́n. Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹja tí kò ní ojú ìwọ̀ lẹ́nu, tí àwọ̀n ò sì há a lára, tí kékeré àti ńlá rẹ̀ jọ kú pọ̀ nínú àpò kan, ẹ má rà á. Ẹ̀yin baálé tí odò gba ilẹ̀ yín kọjá, ẹ fi kòtò méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lọ́dọọdún tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, kì báà ṣe pẹ̀lú ìwọ̀ pàápàá, títí òjò á fi rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ nílé nígbà ìsinmi, ẹ lọ bá àwọn bàbá tó ṣì mọ bí a ṣe ń hun ìgèrè. Wọn ò pọ̀ mọ́ ní Tápà. Ẹ fi fóònù ya ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń hun ún, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀pá náà lé yín lọ́wọ́.