Ọkọ̀ ojú omi tí kò ní nọ́ńbà: ta ni a ó bi?

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé nítòsí Gbajibo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mokwa, ìpínlẹ̀ Niger. Nǹkan bí 300 ènìyàn ni wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù, ibi ayẹyẹ Maolud sì ni wọ́n ń ti bọ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tó lé ní 100 ló bómi lọ ní agbègbè Pategi, ìpínlẹ̀ Kwara. Ìgbéyàwó ni àwọn yẹn ń ti bọ̀.

Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí, ìbéèrè kan náà ló máa ń jẹ yọ. Ta ló ni ọkọ̀ náà? Ènìyàn mélòó ló yẹ kó gbé? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni tó lè dáhùn, nítorí ọkọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan kò ní orúkọ. A kò sọ pé nọ́ńbà nìkan lè dá ọkọ̀ dúró kó má dojú dé. Ohun tí a ń sọ ni pé nọ́ńbà ni ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn. Ọkọ̀ tó bá ní nọ́ńbà ní olówó, olówó náà sì ní àdírẹ́sì.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí? Apá kan ìdáhùn wà ní kóòtù. Òfin ọdún 1997 ló gbé NIWA kalẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójútó ojú omi inú ilẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja. Nígbà tó di ọdún 2008, ìpínlẹ̀ Èkó gbé LASWA tirẹ̀ dìde. Àjọ méjì, omi kan. Ọlọ́kọ̀ kò mọ ẹni tí òun yóò sanwó ìwé àṣẹ fún mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Lọ́dún 2014, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dá ìjọba àpapọ̀ láre. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, ó dá Èkó láre. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi òpin sí i: NIWA ló láṣẹ.

Ìdájọ́ náà sọ ẹni tó láṣẹ. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí yóò dúró sí èbúté àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ láti ka ọkọ̀ àti èrò.

Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà, tí òun náà ní ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀. Láti ìgbà òfin ọdún 1958, èyí tí òfin ọdún 1971 wá rọ́pò, ìlànà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, tó sì ń fún un ní nọ́ńbà. Kódà ọkọ̀ kékeré eléńjìnnì tí ènìyàn fi ń gbafẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ kò yọ sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń lò ó jù ni yóò ti gba nọ́ńbà: MD fún Maryland, TX fún Texas, FL fún Florida, kí òǹkà àti lẹ́tà mìíràn tó tẹ̀lé e.

Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì níwájú ọkọ̀. Gíga rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ínṣì mẹ́ta, àwọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ara ọkọ̀ kí a lè kà á láti òkèèrè. Wọn kì í fi I, O àti Q sínú lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí 0. Ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ nígbàkúùgbà tó bá ń rìn. Bí ìjàm̀bá bá pa ènìyàn, ìròyìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba láàárín wákàtí 48.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìlànà jẹ́ ọ̀kan, ọwọ́ tó ń ṣe é pọ̀. Lójú tiwa, ìdájọ́ ọdún 2024 kò ní kí NIWA máa dá ṣe gbogbo rẹ̀. Ó lè bá ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ àdéhùn: kí NIWA ní ìlànà àti ìwé orúkọ kan ṣoṣo, kí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ máa fi nọ́ńbà sára ọkọ̀ létí omi, kí ọlọ́kọ̀ sì sanwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹnì kan lè sọ pé Amẹ́ríkà lówó, àwa kò ní. Ọ̀dà lásán ni nọ́ńbà ń fẹ́. Ohun tó wọ́n ni òṣìṣẹ́ tí yóò wà létí omi, tí kì yóò gba rìbá kí ọkọ̀ tó kún ju bó ṣe yẹ lọ lè ṣí. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ ìgbafẹ́ lọ sí Tarkwa Bay lè sanwó ìforúkọsílẹ̀. Ọlọ́kọ̀ pákó tó ń gbé àgbẹ̀ lọ sóko kò lágbára bẹ́ẹ̀. Bí owó náà bá pọ̀ jù, yóò sá fún ìwé, ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì wà láìlórúkọ síbẹ̀. Kí ìjọba fún irú wọn ní nọ́ńbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa ará ìlú náà ní ipa tiwa. Àyà tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé. Bí owó bá yẹ ní kíkọ, ẹ̀mí ńkọ́? Ẹgbẹ́ àdúgbò tàbí mọ́sálásí tó bá ń gbé ènìyàn gba orí omi lọ síbi Maolud, nìkáà tàbí àdúrà òkú, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo èrò sílẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹni tó wà nílé. Kí wọ́n béèrè nọ́ńbà ọkọ̀ àti iye èrò tó lè gbé, kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó, kí ilẹ̀ má sì ṣú bá wọn lórí omi. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìdáhùn, kí a má wọ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ àwọn tó ti lọ sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó sì ṣọ́ àwọn tó kù. Àmín.