Ẹ Má Rán Ọmọ Ènìyàn Lọ sí Máàsì

Láti ìgbà tí Neil Armstrong ti fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní ọdún 1969 ni àwọn kan ti ń sọ pé pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ló kàn, ariwo náà sì wá ga sí i ní ọdún 2016, nígbà tí Elon Musk, olówó tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, dìde ní ìlú Guadalajara, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, tí ó ń ṣàlàyé bí òun yóò ṣe tẹ ìlú tí yóò gba mílíọ̀nù kan ènìyàn dó síbẹ̀. Mo lòdì sí i pátápátá. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ ọmọ aráyé lónìí kò tíì tó èyí tí ìjọba kan tàbí olówó kan yóò fi lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ènìyàn ẹlẹ́ran ara lọ síbẹ̀, nítorí pé ẹ̀mí kò láàrọ̀.

Nígbà tí àgbá ọ́síjìn bú gbàmù nínú ọkọ̀ òṣùpá Apollo 13 ní oṣù kẹrin ọdún 1970, àwọn ọ̀gá tó wà ní Houston gbọ́ igbe àwọn mẹ́ta inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì darí wọn padà sórí ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé. Ẹni tó bá ké láti Máàsì, ohùn rẹ̀ lè lò ju 20 ìṣẹ́jú lọ lójú ọ̀nà kí a tó gbọ́ ọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ ni a ó fi lọ gbé e, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù 26 ni ayé àti Máàsì máa ń tò débi tí ọkọ̀ fi lè gbéra, ìrìn náà fúnra rẹ̀ a sì máa gba nǹkan bí oṣù méje. Ẹni tí ìfun rẹ̀ bá bẹ́ lọ́hùn-ún, òkú rẹ̀ ni a ń rò.

Àwọn alátakò mi a máa tọ́ka sí Valeri Polyakov, dókítà ará Rọ́ṣíà tó lo ọjọ́ 437 ní òfurufú tó sì padà wá láàyè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n abẹ́ ààbò agbára òòfà ayé tiwa ló wà. Ẹ̀rọ Curiosity ka ìtànṣán olóró nígbà tí ó ń lọ sí Máàsì, ó sì hàn pé àlọ àti àbọ̀ nìkan yóò kó nǹkan bí mílísífáàtì 660 sára ènìyàn, bẹ́ẹ̀ 600 ni NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fàyè gbà fún ẹnì kan ní gbogbo ìgbà tí yóò fi ṣe iṣẹ́ náà.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, ènìyàn 8 wọ ilé gíláàsì ńlá kan ní Arizona tí a ń pè ní Biosphere 2, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú oko, igi àti ẹran ọ̀sìn, wọ́n ní ọdún 2 ni àwọn yóò lò láìgba ohunkóhun láti ìta. Kò pé ọdún kan àbọ̀ tí ọ́síjìn inú ilé náà fi já láti nǹkan bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún sí 14 àti díẹ̀, nítorí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n kó wọlé ló ń mí in, tí kọnkéré ilé sì ń fa afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí jáde mu. Ní oṣù kìíní ọdún 1993, ó di dandan kí a fa ọ́síjìn wọlé fún wọn láti ìta. Ìta wo ni a ó ti fa á lórí Máàsì? Gbogbo ọ́síjìn tí ẹ̀rọ MOXIE rí ṣe níbẹ̀ láti ọdún 2021 sí 2023, gíráàmù 122 ni, kò tó èyí tí ènìyàn kan ń mí ní ọjọ́ kan.

Wọn yóò ní àbá ní í di òótọ́, ojo kì í jẹ́ ká dá a, wọn yóò sì rán mi létí àwọn tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ la òkun kọjá. Àwọn yẹn, afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń mí lálọ lábọ̀, ilẹ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí sì ní omi, ó ní oúnjẹ, ó ní onílé. Bí wọ́n bá tún ní àwọn tó fẹ́ lọ ló fi tinútinú yọ̀ǹda ara wọn, kí wọ́n rántí Mars One, ilé iṣẹ́ kan tó gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ lọ láìpadà, tó sì wọko gbèsè ní ọdún 2019. Ẹni tí a kò sọ òótọ́ fún kò tíì yọ̀ǹda ara rẹ̀.

Kí ẹ̀rọ Perseverance àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa bá iṣẹ́ wọn lọ lọ́hùn-ún. Kí àwọn tí ìtara ń pa kọ́ ilé mìíràn sínú aṣálẹ̀ ayé yìí, kí wọ́n ti ènìyàn 8 mọ́nú rẹ̀ fún ọdún 3 gbáko, láìfún wọn ní omi, oúnjẹ tàbí èémí kan láti ìta. Bí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá jáde láàyè, ara wọn sì dá ṣáṣá, èmi náà yóò gbà kí a jókòó sọ̀rọ̀ Máàsì.