Atukọ̀ àti Ọ̀mọ̀wé

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ kì í sábà ronú nípa ọkọ̀ ojú omi. Òkun jìnnà sí wa. Bí kì í bá ṣe ti igbó Olókun, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti ń rọ ìlẹ̀kẹ̀ láyé àtijọ́, orúkọ òkun ì bá má wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé iṣẹ́ tí ó wu òun ni kí òun máa tukọ̀ fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ibùdó ìwádìí kan ní ìpẹ̀kun ayé níhà gúúsù, níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn wí pé, “Ṣé kí bàbá rẹ náwó ilé-ìwé lé ọ lórí tán, kí o wá lọ di awakọ̀ fún àwọn tí ó kàwé?” Ẹ̀rín náà dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ọmọdé nìkan ni ó ń rín in.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà bí ó ti rí. Ní ọdún 1975 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní Rothera sílẹ̀ ní erékùṣù Adelaide, ní Àńtátíkà. Láti ọdún 1997 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ibẹ̀ ti ń lọ sójú òkun tí ó wà lẹ́bàá ibùdó náà láti wọn bí omi ti tutù sí àti bí iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó, kí a lè mọ bí ojú ọjọ́ ayé ti ń yí padà. Ọkọ̀ kékeré ni ó ń gbé wọn lọ, àfi nígbà tí òtútù bá sọ ojú omi di yìnyín tí ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀. Omi òkun níbẹ̀ lè tutù ju ìwọ̀n tí omi odò fi ń dì lọ. Iyọ̀ inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó tètè dì. Ẹni tí ó bá ṣubú sínú rẹ̀ láìwọ aṣọ tí omi kò lè wọ̀, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè di okùn mú mọ́.

Iṣẹ́ atukọ̀ kò mọ sí dídi ìtọ́kọ̀ mú. Òun ni ó ń tọ́jú ẹ̀ńjìnnì. Òun ni ó ń wo ìkùukùu àti afẹ́fẹ́, tí ó sì ń ṣọ́ àwọn òkìtì yìnyín tí ó léfòó, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, yìnyín lè dí ọ̀nà ilé mọ́ ọkọ̀. Bí ó bá wí pé, “A kò lọ lónìí,” tàbí pé, “Ẹ kó irinṣẹ́ yín, ó tó àkókò láti padà,” ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó gba oyè mẹ́ta yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi. Bí ètò ojú omi ti rí nìyẹn. Ọ̀mọ̀wé ni ó ni ìbéèrè, ṣùgbọ́n ọwọ́ atukọ̀ ni ẹ̀mí gbogbo wọn wà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Nígbà tí a ń kọ́ ìdídò Kainji sórí odò Ọya láàrin ọdún 1964 sí 1968, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí bí odò náà ti di adágún. Ní 1975, Yunifásítì náà tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí Imevbore àti Adégòkè ṣe olóòtú rẹ̀. Ògo ni ìwé náà jẹ́ fún ìlú wa. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀mọ̀wé tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé àárín adágún. Ẹni tí yóò bá tukọ̀ dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kùkùté igi farapamọ́ sí lábẹ́ omi, àti àkókò tí ìjì máa ń dé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ kan tí ó ń lọ sí Wara ní ìpínlẹ̀ Kebbi rì lórí odò Ọya kan náà. Àwọn aláṣẹ ojú omi wí pé ó ru ju 150 ènìyàn lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó ru ju 80 lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò. Ọkọ̀ kì í ṣàdédé kún ju ìwọ̀n lọ: yálà kí ẹni tí ó ń tù ú má kọ̀, tàbí kí ó kọ̀ kí a má gbọ́ tirẹ̀. Èyí ó wù kí ó jẹ́, níbi tí a bá ti sọ atukọ̀ di ọmọ-ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá sanwó, ẹnu rẹ̀ kì í gbà á láti wí pé, “Ó tó.”

Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀mọ̀wé ni ó ni iṣẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó borí. Òótọ́ ni pé láìsí ọ̀mọ̀wé, atukọ̀ kò ní ìwádìí kankan tí yóò bá lọ sójú omi. Òótọ́ sì ni pé atukọ̀ mìíràn lè jẹ́ ọ̀lẹ, kí ó máa fi afẹ́fẹ́ ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí a kò ṣe lónìí, a lè ṣe é lọ́la. Ẹni tí ó bá omi lọ kì í padà wá.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn baba wa kò wí pé kí ọ̀kan gbọ́n, kí èkejì máa rù ú. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá di ọ̀mọ̀wé lọ́la, ẹ máa gbọ́ nígbà tí atukọ̀ bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì di atukọ̀, ẹ kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì, kí ọ̀rọ̀ yín lè ní ìwọ̀n, kí ẹ má sì bẹ̀rù láti wí pé “Rárá” fún ẹni tí ó jù yín lọ.

Ní ti ọmọkùnrin yẹn, mo fún un ní máàkì tí ó tọ́ sí i. Mo sì kọ ọ́ sí abẹ́ àròkọ rẹ̀ pé: “Iṣẹ́ gidi ni o yàn. Kọ́kọ́ lọ kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́.”