Ẹ Má Jẹ́ Kí Fóònù Wọ́ Yín Gun Òkè

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ kí ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé tó dé. Àwa Yorùbá tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fẹ́ràn kárafáànù, ilé onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ìdí mọ́tò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Owó òtẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ jù, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta kì í sì í gba yàrá kan. Ohun tí kò dáa ni èsì tí mo máa ń gbọ́ tí mo bá béèrè pé, "Ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà?" Wọ́n á ní, "Google ló máa sọ."

Rárá o. Google kọ́ ló máa sọ. Ẹni tó bá ń wọ́ ilé sẹ́yìn lọ síbi tí òkè wà gbọ́dọ̀ ti yan ọ̀nà rẹ̀ kó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ mọ́tò. Ẹni tí kò bá ráyè ṣe ìyẹn, kó fi kárafáànù sílẹ̀ níbi tó wà.

Ẹ wo ọ̀nà A170, láti Thirsk lọ sí Scarborough, ní North Yorkshire. Lójú máàpù, òun ló tọ́ jù. Ṣùgbọ́n kò tíì jìnnà sí Thirsk tó fi gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní Sutton Bank. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ tó 25%: tí mọ́tò bá lọ síwájú ní mítà mẹ́rin, ó ti gòkè ní mítà kan. Kọ́nà tó wà níbẹ̀ ká bí ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n ti fòfin de kárafáànù níbẹ̀, wọ́n sì gbé àkọlé síta kí ẹ tó débẹ̀. Fóònù yín ńkọ́? Ó lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ yẹra fún ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbowó, tàbí fún ọ̀nà márosẹ̀, tàbí fún ọkọ̀ ojú omi. Kò ní bi yín bóyá ẹ ń wọ́ nǹkan. Lójú tiẹ̀, mọ́tò lásán lẹ wà, ibi tó yá jù lẹ sì ń wá.

Àní, ibi tó yá jù yẹn gan-an, kò mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́tò tó ń wọ́ kárafáànù kò gbọdọ̀ sáré ju 50 máìlì ní wákàtí kan lọ lórí ọ̀nà tí kò ní ìpín láàárín, kò sì gbọdọ̀ ju 60 lọ lórí márosẹ̀. Àwọn mọ́tò lásán ní 60 àti 70. Àkókò tí fóònù ń kà fún yín, àkókò ẹlòmíì ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. "Mọ́tò mi lágbára, four-by-four ni." Ẹ kú agbára o. Ṣùgbọ́n nínú ìwé mọ́tò yín, iye kan wà níbẹ̀: ìwọ̀n tí mọ́tò àti ohun tó ń wọ́ kò gbọdọ̀ kọjá tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀. Ṣé ẹ mọ ìdánwò tó wà lẹ́yìn iye yẹn? Nínú òfin Yúróòpù tí wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò, mọ́tò tó ń wọ́ ẹrù dé ìwọ̀n náà gbọ́dọ̀ lè gbéra lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ 12%, lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. 12% ni o, kì í ṣe 25%. Òkè tó ju ìlọ́po méjì ohun tí òfin béèrè lọ lẹ fẹ́ gùn, ẹnu lásán sì ni gbogbo ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí irú òkè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò wa, táyà iwájú ló ń fà wọ́n. Kárafáànù sì ń tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀. Tí imú mọ́tò bá wá kọjú sókè, ìwúwo á sá lọ sẹ́yìn, táyà iwájú á fúyẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí ibì kan náà, pàápàá tí òjò bá ti rọ̀. Tí ẹ bá dúró torí pé ẹni tó wà níwájú dúró, kílọ́ọ̀ṣì á máa rùn, ẹ́ńjìnnì á gbóná, kò sì sí bí ẹ ṣe máa fi rìfáàsì gba kọ́nà yẹn sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ ní tiẹ̀, kárafáànù ló ń tì í. Ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí bíréèkì, bíréèkì á gbóná títí kò fi ní mú mọ́. Ẹ lè wọ jíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ jíà kékeré kò sọ ọ̀nà burúkú di ọ̀nà rere.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó wà ní Thirsk lè gba A19 sọ̀kalẹ̀ lọ sí York, kó bọ́ sí A64, kó gba ẹ̀gbẹ́ Malton kọjá dé Scarborough. Ó fi nǹkan bí 20 máìlì gùn ju ti A170 lọ. 20 máìlì ni àwọn kan tìtorí ẹ̀ ń fi ẹ̀mí ọmọ wọn ta tẹ́tẹ́!

Kì í sì í ṣe Yorkshire nìkan. Ní Somerset, A39 gun òkè Porlock, 25% ni òun náà, òmíràn tó dà bí i rẹ̀ sì ń dúró de yín lápá Lynmouth. Ní Porlock yìí kan náà, ọ̀nà àdáni kan wà tí wọ́n ń gbowó níbẹ̀, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ rọjú gan-an. Tí ẹ bá wá sọ fún fóònù pé ẹ ò fẹ́ sanwó ọ̀nà, orí òkè yẹn ló máa darí yín sí! Ẹni tó ń wọ́ kárafáànù lọ sí North Devon, kó dúró lórí M5 títí dé ìkóríta 27, kó bọ́ sí A361 lọ sí Barnstaple, kó fi A39 ti Porlock sílẹ̀ pátápátá. Lókè Scotland, ọ̀nà Bealach na Bà tó lọ sí Applecross ga tó mítà 626, mọ́tò kan ṣoṣo ló sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Àkọlé wà nísàlẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún kárafáànù. Ọ̀nà etí òkun láti Shieldaig wà, ó kàn jìn ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín. Òkè tiyín kì í sábà dúró gan-n-gan bí i tiwa, ṣùgbọ́n kì í tètè tán. Lórí I-70 ní Colorado, ẹ̀ ń gba Eisenhower Tunnel tó ga ju mítà 3,300 lọ, ẹ ó sì sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ 6% sí 7% fún ọ̀pọ̀ máìlì. Àwọn ibi tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Torí tírélà tí bíréèkì rẹ̀ ti lọ ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń yí gba I-80 ní Wyoming. Òkè ibẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè ti kárafáànù ṣubú, nítorí náà kí ẹ wo ojú ọjọ́ kí ẹ tó lọ.

Àwọn mìíràn á ní ojo ló ń yí ọ̀nà po, pé bàbá wa kì í sá fún òkè. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ti gba Ìta-Awúre lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè rí mọ ohun tí òkè ń fojú tírélà rí. Awakọ̀ tó gbọ́n nílé kì í tijú àtibéèrè: á bi àwọn ará gáréèjì bí ọ̀nà ṣe rí lónìí. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa tó dé òkè òkun la sọ ìbéèrè di ìtìjú, tí a wá fi fóònù rọ́pò àgbà.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí ẹni tó ń wakọ̀. Tí kárafáànù kan bá há sórí òkè, ọ̀nà dí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi iṣẹ́ á dúró. Áńbúláǹsì tó ń gbé aláboyún á dúró. Ìyẹn ni mi ò ṣe gbà pé "mọ́tò mi ni, ohun tó wù mí ni mo lè ṣe."

Láti ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 2021, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì mọ́tò lásán ní Britain lè wọ́ ohun tó wúwo tó 3,500 kìlógíráàmù láìṣe ìdánwò kankan. Ìjọba ti gbé ìdánwò kúrò. Ọgbọ́n ló yẹ ká fi dí ààyè rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yá èèyàn ní kárafáànù, ẹ má kàn kọ́ wa bí a ṣe ń so ó mọ́ mọ́tò, kẹ́ ẹ wá ní ó dàbọ̀. Ẹ bi wá níbi tí à ń lọ, kẹ́ ẹ sì kọ àwọn òkè tí a gbọ́dọ̀ yẹra fún sínú ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe máàpù orí fóònù, ìbéèrè kan péré la fẹ́: "Ṣé ẹ ń wọ́ nǹkan?"

Kí wọ́n tó gbọ́ tiwa, iṣẹ́ náà di tiwa. Ẹ ra máàpù Ordnance Survey. Ibi tí ẹ bá ti rí àmì ọfà kan lójú ọ̀nà, òkè ibẹ̀ wà láàárín 14% sí 20%. Ibi tí ẹ bá ti rí ọfà méjì, ó ju 20% lọ. Ọlọ́fà méjì, ẹ má gbà á. Ọlọ́fà kan, ẹ wá òmíràn tí ó bá wà. Ẹ pe ẹni tó ni ibùdó tí ẹ fẹ́ dé sí, kẹ́ ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni àwọn tó ń wọ́ kárafáànù ń gbà wá sọ́dọ̀ yín?" Lẹ́yìn náà, ẹ wá fi orúkọ ìlú tó wà láàárín ọ̀nà náà sínú fóònù, bí i York, kó má bàa rí ibi yí yín sí. Tó bá ti di báyìí, fóònù ti di ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ̀yin sì ni ọ̀gá. Ipò tó yẹ kí kálukú wà nìyẹn.