Kí Owó Bá Aṣọ Wọkọ̀

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ló bí mi nínú lọ́sẹ̀ yìí. Ó ń pariwo lórí rédíò pé àwọn ìyá tó ń ta òkìríkà ló dí gọ́tà Èkó pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi bọ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ mi: ẹni tó ránṣọ ni kó kó àkísà. Ọ̀nà mẹ́ta ni màá pín in sí: ẹni tó ń rán an, ẹni tó ń sanwó rẹ̀, àti iṣẹ́ ìjọba wa.

Èkíní. Ẹ dé ọjà Katangua ní Èkó nígbà tí wọ́n bá ń tú béèlì. Ìyá yẹn ti sanwó kó tó rójú inú ẹ̀. Ó gé okùn, ó fa bùláòsì yọ: abíyá rẹ̀ ti pọ́n. Ó jù ú sẹ́yìn. Ó fa ṣòkòtò yọ: síìpù ti já. Ó tún jù ú sẹ́yìn. Gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, àdánù ni. Ṣé òun ló rán an? Àwọn tó rán aṣọ tí kò ní pẹ́ gbó ni. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe polyester tí wọ́n fi ń rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rì í mọ́lẹ̀, kò ní jẹrà bí òwú.

Láyé ìyá mi àgbà, ìró á di ọ̀já, ọ̀já á di ìnulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ní bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lónìí, ọmọ tí kò tí ì mọ bọ́tìnnì í dè ti lákìísà ju bàbá rẹ̀ àgbà lọ!

Èkejì. Láti 2007 ni òfin Faransé ti ní kí àwọn tó ń kó aṣọ tuntun wá sọ́jà máa dáwó tí wọ́n máa fi kó èyí tó gbó. Ní 2025, European Union sọ ọ́ di dandan fún gbogbo orílẹ̀-èdè inú rẹ̀. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé wọn lọ́hùn-ún ni iṣẹ́ owó náà pin sí jù. Aṣọ wọkọ̀ òkun, owó jókòó sílé! Ilé-iṣẹ́ Or Foundation, tó ń ṣiṣẹ́ ní Accra, ní bíi mílíọ̀nù 15 ẹyọ aṣọ ń wọ ọjà Kantamanto níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ọjà Missebo ní Kútọnu ń gba tirẹ̀, aṣọ náà sì ń gba ẹnubodè dé ọ̀dọ̀ wa, bí òfin wa tilẹ̀ kà á léèwọ̀.

Ti ìjọba wa, ẹ jẹ́ ó dúró ná. N kò tí ì kúrò lọ́rùn àwọn aránṣọ wọ̀nyí. Bí aṣọ bá kúrò ní Paris wá sí Kútọnu, kí owó orí rẹ̀ bá a wọkọ̀. Kí ó san owó àwọn tó ń kó pàǹtí ní Missebo àti Katangua. Kí ó sì dí àdánù ìyá tó fowó ra béèlì, tó tú u, tó bá àkísà.