Ìpàtẹ iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú: Ta ló yẹ kó náwó lọ?

Ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ òfuurufú tó ń wáṣẹ́ ló ń fowó ara rẹ̀ wọkọ̀, tó ń sanwó òtẹ́ẹ̀lì, kó tó dé ibi ìpàtẹ táwọn iléeṣẹ́ ti ń wá òṣìṣẹ́. Ṣé èrè wà níbẹ̀? Wákàtí tó ti fò ni yóò sọ.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú kan já nítòsí Buffalo lọ́dún 2009, tí èèyàn 50 kú, ìjọba mú òfin le. Láti 2013, kódà igbákejì awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti fò fún wákàtí 1,500. Tàwọn tó ti iṣẹ́ ológun wá lè jẹ́ 750. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé àṣẹ pẹ̀lú nǹkan bíi 250, kó má tan ara rẹ̀ jẹ, bírò ọ̀fẹ́ ni yóò mú bọ̀. Ẹni tó ti sún mọ́ 1,500 ni kó lọ: àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fọ̀rọ̀ wá irú wọn lẹ́nu wò lójú ẹsẹ̀.