Ọmọ Tí Ń Tọ́jú Ìwé: Kí Ló Ń Kà?



Ọ̀rọ̀ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àwọn ọ̀dọ́langba tí ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé: àwọn tí olùkọ́ fi ṣe olùtọ́jú ìwé nílé-ẹ̀kọ́, àti àwọn tí ń ṣèrànwọ́ nílé ìkàwé mọ́sálásí nígbà ìsinmi. Àwọn ni wọ́n ń gbọn eruku, tí wọ́n ń to ìwé sórí pẹpẹ, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ẹni tó bá yá ìwé sílẹ̀ kí ó má baà sọnù.

Ìwé gbogbo wà ní àrọ́wọ́tó irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ìwé ìṣirò ni yóò mú. Lọ́la, ìtàn àwọn Sàhábà. Lọ́tùúnla, ìwé ìtàn ìfẹ́ Haúsá tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pín kà. Bàbá a ní, "Ṣé ohun tí mo rán ọ lọ kọ́ nìyí?" Ìyá a ní kí ó lọ dá ìwé náà padà kíá. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yóò ti máa fi ìwé pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí ọmọ tí ń kàwé ní ìkọ̀kọ̀ kò ní ẹni tí yóò bi ní ìbéèrè nípa ohun tó kà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ́langba kan tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé ìkàwé sílẹ̀ fún. Ní ọdún 980 ni wọ́n bí Ibn Sīnā ní abúlé kan nítòsí Bùkhárà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Uzbekistan lónìí. Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tó ti há Al-Kùránì sórí. Kò tíì pé ọmọ ọdún 18 tí ó fi bá àwọn oníṣègùn tọ́jú ọba Nūh ibn Mansūr, tí ó sì tọrọ àyè láti wọ ilé ìkàwé ọba. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé yàrá púpọ̀ ló wà níbẹ̀: ọ̀kan fún èdè Lárúbáwá àti ewì, òmíràn fún òfin ẹ̀sìn, tí ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní yàrá tirẹ̀. Kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé kiri. Àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ìwé ni ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ó tó béèrè èyí tó nílò.

Ó ní sùúrù pẹ̀lú. Ìwé kan wà tí Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìsì, kọ; ìgbà 40 ni Ibn Sīnā kà á títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí, síbẹ̀ kò yé e. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan fi ìwé lọ̀ ọ́ lọ́jà àwọn tí ń tàwé. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé owó ń fẹ́ ẹni tó ni ín lójú, ó rà á ní dírhámù 3. Ìwé tí al-Fārābī fi ṣàlàyé èrò Aristotle ni. Kíá ni ohun gbogbo yé e, lọ́jọ́ kejì ó sì fi ọ̀pọ̀ sàárà tọrẹ fún àwọn aláìní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Bí ìbéèrè kan bá sì ta kókó fún un, mọ́sálásí ni ó máa ń lọ láti kírun, kí ó sì bẹ Ẹlẹ́dàá.

Àwa tí a ń gbé Òkè Ọya kò ní gbàgbé pé ní ọdún 2007, wọ́n dáná sun àwọn ìwé ìtàn ìfẹ́ ní gbangba nílé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Kánò. Àníyàn lórí ìwà ọmọ kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iná kì í kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé rere àti ìwé burúkú. Nínú irú ìwé Haúsá bẹ́ẹ̀ ni Alhaki Kuykuyo Ne wà, tí Balaraba Ramat Yakubu kọ ní ọdún 1990. Ó sọ nípa obìnrin kan tí ọkọ lé jáde tòun tọmọ, tí ó sì ń se oúnjẹ tà láti fi tọ́ wọn. Ìyá tó bá bá ọmọ rẹ̀ ka irú ìtàn yìí yóò rí ọ̀rọ̀ sọ nípa ojúṣe ọkọ àti ẹ̀tọ́ aya nínú Islām.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé, "Kí ni o rí kọ́ nínú rẹ̀?" kí ẹ tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá ń kọ́ni ní ìṣekúṣe, ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ìwé Yorùbá wà lára ohun tí ó ń kà, kí àwọn tí a bí sí ìdálẹ̀ má baà ṣàjèjì sí èdè baba wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé, bó ti wù kó dùn tó, gba àkókò ìrun lọ́wọ́ yín.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ń ṣàǹfààní. Àmín.